Lẹ́tà Ìparí Táàmù Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ọ̀rọ̀ Gbọ̀ngàn Wa

Ẹ̀yin òbí wa àtàtà, ẹ̀yin alágbàtọ́,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ kú ọ̀wọ́n ọjà, ẹ kú ìnáwó orí ìnáwó. Inú àwa olùkọ́ dùn pé táàmù kejì parí láyọ̀. Ọlọ́run á jẹ́ ká jèrè àwọn ọmọ wa.

Kí n yára sọ àwọn tó kúrú. Rìpọ́ọ̀tì káàdì ti wà nílẹ̀, òbí nìkan la máa fún, ẹ má rán ẹ̀gbọ́n wá gbà á. Green House ló gba ife eré ìdárayá, àwọn Red House ṣì ń bínú. Àwọn ọmọ SS3 ti forúkọ WAEC sílẹ̀ tán, lẹ́sìnnì ọ̀fẹ́ wà fún wọn nínú ìsinmi yìí, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí méjìlá ọ̀sán. Máàsì àwọn JSS2 ò dáa rárá, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ ìwọlé wà lẹ́yìn káàdì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ìjì tó jà nígbà tí òjò ọdún yìí kọ́kọ́ dé ká òrùlé ẹ̀ lọ, páànù kan lọ kọ́ sórí igi máńgòrò, àwọn yòókù dé títì. Òru ni, a dúpẹ́ pé kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. PTA jókòó, wọ́n ní kí òbí san ₦7,500 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ sì lè pín in san lẹ́ẹ̀mejì. Látọjọ́ náà ni fóònù mi ò ti sinmi. Voice note kan tún ń kiri lórí WhatsApp, ohùn ẹ̀ le gan-an, ẹni tó ṣe é ò sì wá sípàdé.

Wọ́n ní kí ló dé tí ìjọba ò ṣe é. A ti kọ̀wé, wọ́n wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ, wọn ò sọ pé àwọn ò ní ṣe é àmọ́ òjò ò ní dúró de fáìlì. Owó UBE, ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, tí ẹ ń gbọ́ nínú rédíò yẹn, òfin ọdún 2004 ló gbé e kalẹ̀, ìdá 2 nínú 100 owó tó wọ àpò ìjọba àpapọ̀ ni, ìpínlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mú tiẹ̀ sílẹ̀ kọ́wọ́ ẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS ni wọ́n sì dá a fún. Ọ̀dọ̀ àwọn SSS ni gbọ̀ngàn wa wà. Ìjọba kọ́ ló tiẹ̀ kọ́ ọ níbẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà àdúgbò ló kọ́ ọ, wọ́n dáwó, ẹni tí ò lówó gbé yanrìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dìbò níbẹ̀, ibẹ̀ làwọn nọ́ọ̀sì ti ń gún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ibẹ̀ náà làwọn lánlọ́ọ̀dù ti ń ṣèpàdé tí wọ́n bá fẹ́ jà lórí tiransifọ́mà. Àwọn lánlọ́ọ̀dù yẹn ti dá tiwọn, ẹ lọ bi wọ́n.

Àwọn kan ní owó náà pọ̀jù, pé ṣebí páànù lásán ni. Kápẹ́ńtà pe èmi àti alága PTA gòkè, ó fi àtàǹpàkò tẹ igi tó sùn lórí ògiri, ìka ẹ̀ wọlé pátápátá. Ikán ti jẹ inú ẹ̀ tán, èèpo ló kù. Irin pẹlẹbẹ tó yẹ kó de igi yẹn mọ́ ògiri ò sí níbẹ̀ rárá, ìṣó lásán ni wọ́n fi kàn án, ìṣó náà sì ti dípẹtà. Tá a bá kan páànù tuntun mọ́ irú igi bẹ́ẹ̀, ìjì mìíràn á tún gbé e lọ. Ìyẹn la ṣe da kọnkéré onírin yí orí ògiri ká, gbogbo igi la máa fi oògùn ikán kùn kó tó gòkè, páànù tó nípọn ní mílímítà 0.55 la sì mú, a ò mú 0.45 tó rọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó ní ká kúkú ṣe é bíi Dome, gbọ̀ngàn ayẹyẹ ńlá ti Àkúrẹ́ yẹn, ẹ kú àlá. Àwa ń wá ibi tí ọmọ máa jókòó sí ṣe WAEC tómi ò ní kán sórí ìwé ẹ̀.

Voice note yẹn tún ní òun kọjá lọ́sẹ̀ méjì gbáko, òun ò rí bíríkìlà kankan, pé a ti jẹ owó. Kọnkéré ń gbẹ ni o! Ó kéré tán ọjọ́ 7 la fi ń bomi rin ín, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì máa ń kà kí wọ́n tó gbà pé agbára ẹ̀ pé. Tẹ́ ẹ bá kọjá láàárọ̀, ẹ máa rí mẹ́sáńjà wa pẹ̀lú họ́ọ̀sì lọ́wọ́. Rìsíìtì síméńtì, ti irin, ti yanrìn, gbogbo ẹ̀ la lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù níwájú ọ́fíìsì. Akápò PTA ló ń gbowó, èmi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó owó lé olùkọ́ lọ́wọ́, ẹ dákun ẹ jáwọ́ níbẹ̀.

Tá a bá sì parí ẹ̀, a ò ní yá a fún ìnáwó mọ́, bó ti wù kó rí, ìbáà jẹ́ òkú, ìbáà jẹ́ ìgbéyàwó. Òkú tí wọ́n ṣe níbẹ̀ kẹ́yìn, wọ́n dáná ọbẹ̀ sórí ilẹ̀ síméńtì títí tó fi là, odidi ọ̀sẹ̀ kan làwọn ọmọ fi ń ṣa ìgò. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni sí mi lórí eléyìí.

Tówó bá ṣẹ́ kù, tọ́ílẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọbìnrin ló kàn, géètì ṣì lè dúró. Bòhóòlù á tẹ̀ lé e, àmọ́ òkúta ló pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ Àkúrẹ́ níbí, wọ́n gbọ́dọ̀ fẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò ná, a ò fẹ́ èyí tó máa gbẹ tọ́yẹ́ bá dé.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi yin ẹgbẹ́ Olùtúnṣe tí mo dá sílẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kọ̀ọ̀kan làwọn ọmọ yìí ń yí gbogbo ilé ìwé ká pẹ̀lú ìwé, ẹ̀rọ omi tó ń jò, gọ́tà tó dí, gíláàsì fèrèsé tó sán, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á kọ ọjọ́ tá a tún un ṣe. Ọmọbìnrin SS1 kan ló rí ipa ikán tó ń gun ògiri kíláàsì SS2, a sì tètè pa á. Ká ní irú ẹgbẹ́ yìí ti wà látijọ́ ni, bóyá a ò ní máa dáwó òrùlé lónìí. Inú mi dùn sí wọn gan-an, mo ti ní kí wọ́n rán jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn fún wọn.

A ò ní lé ọmọ kankan jáde nítorí ₦7,500 yìí, òbí ẹ̀ la máa pè. Ẹni tápá ẹ̀ ò ká a tó jẹ́ kápẹ́ńtà, wẹ́dà tàbí bíríkìlà lè wá fi iṣẹ́ san án, kó lọ bá alága PTA. Inú gbọ̀ngàn náà la ti máa ṣèpàdé táàmù tó ń bọ̀, òrùlé ì báà pé, ì báà má pé. Ẹni tó ṣe voice note, a ti fi àga yín síwájú.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé Ìwé