Lẹ́tà sí Fọláṣadé nípa Ilé tí Ẹ Fẹ́ Rà ní Mowe

Iléṣà.

Fọláṣadé, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí Tìmílẹ́yìn àti àbúrò rẹ̀. Àǹtí rẹ tó wà ní Ìkẹjà ló sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ ti rí ilé kan ní Mowe, àti pé kí oṣù yìí tó parí ni ẹ fẹ́ san owó rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé mo ti gbọ́, èmi náà sì ṣe bí ẹni tó ti gbọ́, ṣùgbọ́n n kò sùn lóru ọjọ́ náà. Ìdí tí owó oògùn bàbá rẹ kò fi dé lóṣù tó kọjá ti wá yé mi, n kò sì bínú nítorí ìyẹn. A ti ra oògùn náà, orúnkún rẹ̀ sì ń sàn. Ohun tó dùn mí ni pé ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé tí àwọn ọmọ-ọmọ mi yóò dàgbà sí.

N kò lòdì sí i pé kí ẹ kúrò láàárín Èkó. Mo ti rí ilé tí ẹ wà, mo rí bí Tìmílẹ́yìn ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé, mo sì mọ bí onílé ṣe ń fi owó kún owó. Ó yẹ kí ọmọ ní àgbàlá tí yóò ti sáré. Ìbéèrè kan péré ni mo ní, òun náà ni mo sì ń bi ara mi láti ọjọ́ yẹn: ta ni yóò wà nílé nígbà tí ọmọ náà bá dé láti ilé-ìwé?

Jọ̀wọ́ jókòó kí o ro ó. Àlàúsá ni ìwọ ń ṣiṣẹ́, Marina ni ọkọ rẹ ń lọ. Láti Mowe dé Berger, ojú ọ̀nà márosẹ̀ kan náà ni ẹ̀yin, àwọn ará Ibafo, àwọn ará Magboro, àwọn ará Arepo àti gbogbo àwa tí a ń ti òkè bọ̀ jọ ń gbà. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà yẹn, nígbà tí àwọn àdúgbò wọ̀nyí kò tíì kún rárá. Bí tírélà kan bá ṣubú lórí afárá gígùn tó wà lẹ́yìn Kárà, níbẹ̀ ni gbogbo yín yóò wà títí wọn yóò fi gbé e kúrò. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí àwọn èèyàn bá ń rọ́ lọ sí ìsìn ní Redemption City, ìwọ náà mọ bí ọkọ̀ ṣe máa ń tò. Ọkọ rẹ yóò máa jáde nígbà tí àwọn ọmọ bá ń sùn, yóò sì máa bá wọn lójú oorun nígbà tó bá dé.

Ẹni tó ń ta ilé fún yín yóò ti sọ pé ọ̀nà náà kò jìn. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ni ó mú yín lọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹ wá ojúlùmọ̀ kan níbẹ̀ kí ẹ sùn sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹ jáde sí ibùdókọ̀ ní aago márùn-ún àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ wọ dánfó pẹ̀lú àwọn ará ibẹ̀, kí ẹ sì tún padà lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Aago tí ẹ bá wọlé ni jíjìn ilé yẹn.

Ṣé ẹ ti wo apá Agbádó àti Ìjù? Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń kó èrò láti Agbádó, gba Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Oshodi, Mushin àti Yábà, títí dé Ọ̀yìngbò. Ìwọ lè sọ̀ ní Ìkẹjà, kí ọkọ rẹ sì wọ bọ́ọ̀sì láti Ọ̀yìngbò lọ sí Marina. Ìkòròdú náà wà, tí bọ́ọ̀sì BRT ti dé láti ọdún 2015. Ẹ má fi ti ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 ṣe ìṣirò, nítorí arìnrìn-àjò ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. N kò sọ pé Agbádó sàn ju Mowe lọ ní gbogbo ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò wà nílé ni mo ń sọ.

Ẹ ṣọ́ra fún omi pẹ̀lú. Ìṣẹ́rí àti Arepo sún mọ́ odò Ògùn, bí òjò bá sì pọ̀ tí wọ́n ṣí omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀, omi a máa wọ ilé èèyàn lápá ibẹ̀. Ẹ bi ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ládùúgbò bí omi ṣe máa ń rí ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá.

Àlàáfíà ni a wà nílé. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Iléṣà ló háyà yàrá méjì tó wà lẹ́yìn. Wọ́n ti kan páànù tí ìjì ṣí.

Àbẹ̀kẹ́, o ó rántí ìgbà tí wọ́n gbé mi lọ kọ́ni ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọ lọ́rùn, mo sì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ọmọ mi gbọ́n, ó lè dá ilé ṣí. Ní ọjọ́ tí ibà gbé ọ ṣánlẹ̀, alábàágbé wa ló gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn Wesley. Nígbà tí mo débẹ̀, dókítà bi mí pé ìgbà wo ni ara rẹ ti ń gbóná, n kò sì mọ̀. Alábàágbé ló dá a lóhùn. N kò sọ èyí fún ọ rí: mo lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé mi padà sí Iléṣà lọ́dún náà, ṣùgbọ́n ipò igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ń bẹ níwájú mi, mo sì fẹ́ ẹ. Mo gba ipò náà. Títí di òní, bí mo bá rí ọmọ tó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn, n kì í lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, má ṣe rò pé mo fẹ́ dí yín lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ háyà ilé níbẹ̀ fún ọdún kan, kí ẹ rí ìgbà òjò, kí ẹ rí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ mọ ilé-ìwé tó dára tí Tìmílẹ́yìn lè fẹsẹ̀ rìn dé. Bí ọkọ rẹ bá sọ pé rírà náà ni, ẹ má san kọ́bọ̀ kí ẹ tó fi ẹ̀dà ìwé sọ́fè ránṣẹ́ sí bàbá rẹ, kí ó fi fún àbúrò rẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, kí ó lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ìjọba ní Òkè-Mosàn bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Bí Mowe bá sì ni ẹ padà lọ, èmi yóò wá bá yín gbé ní sáà ilé-ìwé àkọ́kọ́. Mo ti bá bàbá rẹ sọ ọ́, ó sì gbà.

Pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ọkọ rẹ wà nítòsí kí èmi àti òun lè jọ sọ̀rọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.