Ibo Ni Ká Máa Kó Bátìrì Tó Ti Kú Sí?

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe ní Bódìjà, Ìbàdàn. Bátìrì ìnfátà ni mo ń pààrọ̀ jù báyìí, nítorí iná tí kò dúró. Ibi tí àwọn tó ti kú ń já sí ló ń kọ mí lóminú. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ló ń gbé wọn. Lẹ́yìn ọjà kan, mo rí ọmọkùnrin kan tó dorí bátìrì kodò, ásíìdì inú rẹ̀ ń ṣàn wọ gọ́tà, ó ń fi òòlù fọ́ ọ kó lè yọ òjé. Kò wọ ìbọ̀wọ́, kò wọ bàtà.

Òjé kì í ṣe ohun eré, ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti fi wá góòlù pa ọmọ tó lé ní 400.

Láti 2011 la ti ní òfin lórí páńtí ẹ̀rọ iná. Ẹ jọ̀wọ́, kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ya ibì kan sọ́tọ̀, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì sílẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n bò ó lórí, ká máa kó bátìrì, fóònù tó bàjẹ́ àti gílóòbù gígùn tó ní mẹ́kúrì lọ síbẹ̀. Kí wọ́n sì máa san nǹkan fún ẹni tó bá gbé bátìrì wá o! Ta ló máa gbé ohun tí wọ́n ń fowó rà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ fún ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́?

Oníṣẹ́ iná kan,
Bódìjà, Ìbàdàn.