Orúnkún ìyá mi àti ìyẹ̀fun inú sáṣẹ́ẹ̀tì

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ "stem cell", ìyẹn hóró ara tó lè yí padà di oríṣi hóró mìíràn, tí wọ́n ń polówó kiri Ìlọrin ló mú mi kọ̀wé. Ìyá mi ní Pàkátà, tí wọ́n ti ń jókòó sórí àga kírun fún ọdún mẹ́ta báyìí nítorí orúnkún, lọ ra páálí ìyẹ̀fun "stem cell" méjì lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó de táì. Ó ní kí wọ́n máa pò ó mómi láràárọ̀, eegun bísíkíìtì orúnkún wọn á hù padà. Owó àjọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ló bá a lọ.

Ká ní irọ́ ni stem cell látòkèdélẹ̀, ì bá sàn. Òótọ́ ni ọkùnrin yìí fi bo irọ́ mọ́lẹ̀.

Ẹni tó bá ti dúró ti alápatà ní Ìpatà nígbà tó ń la orúnkún màlúù á ti rí i: eegun bísíkíìtì yẹn funfun, ó ń dán, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹ gé e títí, kò ní ṣẹ̀jẹ̀, torí kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bó bá ti jẹ, agbára káká ni kó fi tún ara rẹ̀ ṣe. Inú mùdùnmúdùn eegun ni stem cell tí mò ń wí wà. Lọ́dún 1999, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá gbà á lára àgbàlagbà, tí a sìn ín nínú abọ́, ó lè di ọ̀rá, ó lè di eegun, ó sì lè di bísíkíìtì. Kó tó di bísíkíìtì, wọ́n á kó o jọ gúlútú, wọ́n á máa bọ́ ọ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Síbẹ̀, bísíkíìtì ọ̀hún a máa fẹ́ yí padà di eegun líle, wàhálà tí wọn ò tíì bọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn.

Kí wá ni ti ìyẹ̀fun tí à ń mu? Ikùn á lọ̀ ọ́ bó ṣe ń lọ ṣàkì ni.

Olóòtú, mo rí ìpolówó irú ọjà yìí nínú ìwé ìròyìn yín. Ẹ gba owó yín, mi ò bá yín jà, ṣùgbọ́n ẹ wá dókítà eegun kan kó sọ tẹnu rẹ̀ lójú ewé kan náà, kí lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi tó ti ìpolówó.

Páálí kejì ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n dà á nù. Wọ́n ní owó ni àwọn fi rà á, àwọn á mu ún tán.

Ọmọ Pàkátà,
Ìlọrin.