Nọ́ọ̀sì Ni Kí Wọ́n Fi Ṣáájú, Kì Í Ṣe Kọ̀ǹpútà

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ èrò mi lórí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn tó ń ṣètò ìlera ń sọ báyìí, èyíinì ni pé kí àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé máa yan olùbójútó ìtọ́jú, ìyẹn òṣìṣẹ́ tí yóò máa tọ́pa ìtọ́jú wọn, fún àwọn aláìsàn tí ewu wọn pọ̀ jù. Àwọn tí à ń sọ ni àwọn tí àìsàn bárakú méjì tàbí mẹ́ta ń bá fínra lẹ́ẹ̀kan náà, bí àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn, tí wọ́n ń gba oògùn lọ́wọ́ dókítà tó ju ẹyọ kan lọ, tí kì í sì í pẹ́ tí wọ́n fi ń padà sí ilé ìwòsàn ńlá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kúrò níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì fara mọ́ ètò náà tọkàntọkàn. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni n kò fara mọ́. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí yóò to orúkọ àwọn aláìsàn bí ewu wọn ṣe pọ̀ tó ni àwọn ènìyàn sábà máa ń kọ́kọ́ náwó lé lórí, nígbà tí ẹni tí yóò pe àwọn tí orúkọ wọn bá jáde kò tíì sí.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Ní Wales, wọ́n fún àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé 32, tí àwọn ènìyàn tó lé díẹ̀ ní 230,000 ń gba ìtọ́jú níbẹ̀, ní irú ẹ̀rọ tí ń sọ tẹ́lẹ̀ ẹni tó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn ńlá ní pàjáwìrì. Nígbà tí èsì ìwádìí náà jáde ní 2018, iye àwọn tí wọ́n gbé lọ ní pàjáwìrì kò dín kù. Ńṣe ni ó pọ̀ sí i. Lójú tèmi, kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Bí a bá fi orúkọ aláìsàn tó wà nínú ewu han dókítà tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn, tí kò sì ní ẹnikẹ́ni tí yóò rán lọ wo onítọ̀hún, kí ni yóò ṣe ju pé kí ó kọ ìwé kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá? England náà gbìyànjú tirẹ̀ láti 2014 sí 2017: ìjọba sanwó fún àwọn dókítà ìdílé kí wọ́n yan ó kéré tán ìdá 2 nínú 100 àwọn àgbàlagbà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n sì kọ ètò ìtọ́jú fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ dókítà ló ráhùn pé ìwé kíkọ pọ̀ ju ìtọ́jú lọ nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ olùbójútó ìtọ́jú fúnra rẹ̀ kò ṣòroó ṣàlàyé, àmọ́ ó ń gba àkókò. Ọ̀sẹ̀ tí aláìsàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ìwòsàn ńlá ni ó máa ń le jù. Wọ́n ti lè yí oògùn rẹ̀ padà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀ ṣì wà nílé. Orúkọ ara páálí méjèèjì yàtọ̀, oògùn kan náà ni ó wà nínú wọn, aláìsàn á sì máa lo méjèèjì pọ̀ láìmọ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà tí yóò rí èyí. Ẹni tí yóò ní kí ó kó gbogbo oògùn tó wà nílé síta, tí yóò sì fi wọ́n wé ìwé tí ilé ìwòsàn ńlá kọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, ni yóò rí i. Bákan náà ni ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára tó láti tú ẹ̀jẹ̀ ká ara. Omi á máa kó jọ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára díẹ̀díẹ̀, bí ó bá sì ń gun òṣùwọ̀n ní àràárọ̀, tí ó rí i pé òun ti fi ohun tó ju kílò 2 wúwo sí i láàárín ọjọ́ 3, ó yẹ kí ẹnì kan wà tí yóò lè pè lọ́jọ́ náà gan-an, kí dókítà lè tún oògùn tí ń mú un tọ̀ yẹ̀ wò kí mímí tó di ìṣòro. Olùbójútó yìí náà ni yóò mọ̀ pé aláìsàn kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí, tàbí pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni kò jẹ́ kí ó bìkítà fún oògùn mọ́, èyí tí aláìsàn kì í sábà sọ fún dókítà tí ó ń wo aago.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé inú ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé fúnra rẹ̀ ni kí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jókòó sí, kì í ṣe ọ́fíìsì kan lọ́nà jíjìn tí yóò máa pe àwọn tí kò rí rí. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Aláìsàn tó mọ nọ́ọ̀sì ni yóò gbé tẹlifóònù rẹ̀, dókítà tó sì ń pàdé nọ́ọ̀sì lójoojúmọ́ ni yóò tètè gbọ́ ohun tó rí. Nínú ètò kan tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Johns Hopkins, tí wọ́n pè ní Guided Care, aláìsàn 50 sí 60 péré ni wọ́n fi lé nọ́ọ̀sì kan lọ́wọ́. Aláṣẹ tó bá fẹ́ kí nọ́ọ̀sì kan máa bójú tó ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, kí ó sì tún máa fún ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára láàárọ̀, kò tíì mọ ohun tó ń sọ.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Níbi tó bá jẹ́ pé ìgbà tí aláìsàn bá wọlé wá nìkan ni ilé ìwòsàn ń gba owó, òṣìṣẹ́ tí ń pe aláìsàn lórí tẹlifóònù kò mú nǹkan kan wọlé. Láti oṣù Kìíní 2015, ètò Medicare, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń sanwó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní pàtàkì, ti ń sanwó fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 20 lóṣù tí òṣìṣẹ́ bá lò lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó ní àìsàn bárakú méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí aláìsàn náà kò tilẹ̀ wá. Ó kéré fún àwọn tí mò ń sọ, ṣùgbọ́n ó sàn ju òfo lọ.

Mo bẹ àwọn tí ń polongo ètò yìí pé kí wọ́n má ṣe ìlérí tó ju agbára wọn lọ. Ní Camden, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, wọ́n pín àwọn aláìsàn 800 tí ó ń wọ ilé ìwòsàn lemọ́lemọ́ sí ọ̀nà méjì. Èsì tó jáde ní 2020 fi hàn pé láàárín ọjọ́ 180, ìdá 62.3 nínú 100 àwọn tí wọ́n fún ní olùbójútó ló padà sí ilé ìwòsàn, ìdá 61.7 sì ni ti àwọn yòókù. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá ti dé góńgó sábà máa ń sàn díẹ̀ lẹ́yìn náà, yálà a bójú tó o tàbí a kò bójú tó o; nítorí náà, ẹni tó bá ń fi ti àná wé ti òní nìkan yóò máa yin ara rẹ̀ lórí ohun tí kò ṣe. Ní Jámánì, ilé ìwòsàn 115 ló kópa nínú ìwádìí kan, àwọn olùrànlọ́wọ́ dókítà sì ṣe iṣẹ́ náà nínú àwọn kan lára wọn; èsì tó jáde ní 2016 kò rí i pé gbígbà sí ilé ìwòsàn ńlá dín kù, àmọ́ ìgbé ayé àwọn aláìsàn náà dára sí i díẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Èyí tó mi láti sọ pé kí a ṣe é. Ṣùgbọ́n aláṣẹ tí wọ́n bá sọ fún pé owó yóò dín kù láàárín ọdún kan yóò ti ètò náà pa ní ọdún kejì.

N kò sọ pé kí wọ́n ju kọ̀ǹpútà nù. Ní Jámánì yẹn, ẹ̀rọ kọ́kọ́ to orúkọ jáde láti inú àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò, dókítà sì tún yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ó mọ ẹni tó ṣeé ràn lọ́wọ́ tí ó sì ṣe tán láti kópa. Kí ẹ̀rọ dárúkọ, kí ènìyàn yàn, kí aláìsàn náà sì gbà.

Ìbéèrè kan ló kù tí mo fẹ́ kí àwọn aláṣẹ dáhùn kí wọ́n tó fọwọ́ sí owó kankan. Nígbà tí nọ́ọ̀sì yìí bá lọ ìsinmi, tàbí tí òun fúnra rẹ̀ bá ṣàìsàn, ta ni yóò gbé tẹlifóònù náà? Kí wọ́n kọ ẹni kejì sínú ètò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì ka owó oṣù rẹ̀ mọ́ ìnáwó ọdún àkọ́kọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé