Kánààlì Ọ̀tọ̀, Odò Thames Ọ̀tọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí nípa bí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní ìlú Ọba ṣe lè lo ìsinmi wọn nínú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ orí kánààlì, ìyẹn ojú omi tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ fún ọkọ̀. Inú mi dùn sí i, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ló ti ń gbé London láti ogún ọdún wá, tí kánààlì ń gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá, tí a kò sì yà síbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé náà sọ pé ẹni tó bá ti mọ ọkọ̀ yìí tù lórí kánààlì lè tù ú wọ odò Thames láìsí wàhálà. Ọ̀rọ̀ yẹn léwu, n kò sì lè gbójú fò ó.

Òótọ́ ni pé kánààlì rọrùn. Ọkọ̀ náà kò fẹ̀ ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ, bí gígùn rẹ̀ tilẹ̀ lè tó 70, nítorí pé ìwọ̀n àwọn lọ́ọ̀kì tí wọ́n kọ́ láyé ìgbà tí ẹṣin ń fa ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé tí wọ́n bá ń kàn án. Lọ́ọ̀kì yìí ni yàrá omi tó nílẹ̀kùn níwá lẹ́yìn, tí ń gbé ọkọ̀ gòkè tàbí tí ń sọ ọ́ kalẹ̀. Òfin kò gbà kí ọkọ̀ sáré ju máìlì 4 lọ ní wákàtí kan, débi pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí omi lè máa bá ọ tàkurọ̀sọ bí ẹ ti ń lọ. Bí o bá ṣìnà, inú ẹrẹ̀ ni imú ọkọ̀ rẹ yóò wọ̀, wàá fi ọ̀pá tì í jáde, àwọn tó wà létí omi á sì fi ọ́ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ni ọkọ̀ tirẹ̀ ló mú mi lọ. Kánààlì Grand Union, tó ti Birmingham wá sí Brentford ní ìwọ̀-oòrùn London, níbi tó ti wọ odò Thames, ní nǹkan bíi máìlì 137 àti lọ́ọ̀kì 166, ni a gbà. Ní Hanwell, lọ́ọ̀kì mẹ́fà ló tò tẹ̀ léra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìwòsàn àtijọ́ kan, apá mi sì ro mí gan-an kí a tó ṣí wọn tán. Nítòsí ibẹ̀ ni afárá tí Brunel, gbajúgbajà ẹnjiníà ayé àtijọ́, kọ́ wà, èyí tí wọ́n parí ní 1859: títì wà lókè, kánààlì wà láàárín, ojú irin wà nísàlẹ̀.

Lọ́ọ̀kì tó kẹ́yìn ní Brentford ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Láti lọ́ọ̀kì Teddington, tó wà lápá òkè odò sí Brentford, lọ sí ìsàlẹ̀, òkun ló ń darí Thames. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni omi ń kún tó sì ń fà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì sì lè tó mítà 7 ní London Bridge. Nítorí náà, ìwọ̀nba wákàtí tí omi bá kún dáadáa ni olùtọ́jú lọ́ọ̀kì ń ṣílẹ̀kùn, ó sì yẹ kí a ti bá a ṣàdéhùn ṣáájú. Ìgbà tí omi ń kún ni a jáde, kí ó lè gbé wa gòkè lọ sí Teddington. Bí imú ọkọ̀ wa ti yọ báyìí ni omi gbá a mú, nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu lọ́ọ̀kì. Lórí kánààlì, tí nǹkan bá ṣe báyìí, à á dín iná ẹ́ńjìnnì kù ni. Níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi fi kún un ni, nítorí pé ọkọ̀ tí kò bá lágbára ju omi lọ kò gbọ́ ti atukọ̀ mọ́.

Ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí a kàn fún omi tó dákẹ́, ni à ń wí o. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí kánààlì, èèyàn lè fẹsẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Bí ó bá kú lórí Thames, ìdákọ̀ró nìkan ló kù, ìdí nìyẹn tí tiwa fi wà níwájú pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n rẹ̀, tí gbogbo wa sì wọ ẹ̀wù amúniléfòó. Ẹ sọ fún ará Ìlàjẹ, tí òkun wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, pé omi kan náà ni gbogbo omi, kí ẹ wo bí yóò ṣe wò yín.

Ní Richmond, a kọjá lábẹ́ ìdènà omi tí wọ́n ṣí ní 1894. Lẹ́yìn tí wọ́n wó London Bridge àtijọ́, tí àwọn òpó rẹ̀ ti ń dá omi dúró, omi ń fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹrẹ̀ sì ń hàn ní gbangba títí dé Twickenham. Ohun tó mú kí wọ́n kọ́ ìdènà náà nìyẹn. Wọ́n máa ń gbé e sókè nígbà tí omi bá kún, a sì bá a bẹ́ẹ̀. Nígbà tí lọ́ọ̀kì Teddington tì lẹ́yìn wa, omi dákẹ́.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ yìí háyà kì í tilẹ̀ gbà kí oníbàárà gbé e dé ibi tí omi òkun ń dé. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá tún fẹ́ tẹ àpilẹ̀kọ náà, ẹ yọ gbólóhùn yẹn kúrò, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹni tó bá ń lọ sí Thames kọ́kọ́ bi olùtọ́jú lọ́ọ̀kì ní Brentford ní aago tí omi yóò kún.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín ní Ìwọ̀-Oòrùn London