Lẹ́tà sí àbúrò mi l'Áyétòrò

Àbúrò mi àtàtà,

Mo gbọ́ ohun tí adájọ́ ìdíje ewì yẹn sọ fún ọ, pé orin abiyamọ àti ọ̀rọ̀ ẹja yíyan kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó kan ìlú. Ó dùn mí wọra. N kò gbà fún un rárá.

Obìnrin kan ń bẹ tó ń jẹ́ Kathy Jetñil-Kijiner, ọmọ erékùṣù Marshall, láàárín agbami Pàsífíìkì. Ilẹ̀ wọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibi púpọ̀ níbẹ̀ ò fi ju nǹkan bíi mítà 2 ga ju òkun lọ. Ìdílé ìyá ni wọ́n ti ń jogún ilẹ̀, nítorí náà bí omi bá gbé ilẹ̀ lọ, ogún obìnrin ló gbé lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, wọ́n pè é síbi ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní New York. Àwọn olórí orílẹ̀-èdè pé jọ. Kí ló wá kà fún wọn? Ewì tó kọ sí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ oṣù méje. Ó sọ fún ọmọ náà nípa ọ̀sà tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, tí wọ́n ní yóò gbé e mì lọ́jọ́ kan, ó sì ṣèlérí fún un pé kò sóhun tó máa jẹ ẹ́ run. Nígbà tó parí, gbogbo ilé dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá sí ọmọ ọwọ́ ni o!

Ní 2018, òun àti Aka Niviâna, akéwì obìnrin láti Greenland, jọ kéwì lórí yìnyín tó ń yọ́ níbẹ̀, tí omi rẹ̀ ń mú kí òkun ga sí i nílé Kathy. Aka mú òkúta wá láti etíkun Nuuk, olú ìlú Greenland. Kathy mú ìkarahun tó ṣà ní Bikini àti Runit, ní erékùṣù Marshall. Láti 1946 sí 1958, Amẹ́ríkà dán bọ́ǹbù olóró (nuclear) 67 wò ní erékùṣù wọn. Runit ni wọ́n ti fi kọnkéré bo díẹ̀ lára ìdọ̀tí rẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀. Aka mẹ́nu ba Sassuma Arnaa, Ìyá Òkun tó ń gbé ìsàlẹ̀ ibú, tó ń rí ojúkòkòrò ọkàn wa. Ó mú mi rántí Olókun.

Àmọ́ ìtàn Kathy ló ká mi lára jù: tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì ní Ujae, ọ̀kan di òkúta, èkejì yàn láti dúró tì í. N kò fẹ́ kí obìnrin kankan di òkúta nítorí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ àti èmi mọ àwọn ìyá tó kọ̀ láti kúrò l'Áyétòrò wa létíkun, bí òkun tilẹ̀ ń gbé ìlú náà lọ.

Nítorí náà, má ṣe yí ewì rẹ padà. Ẹsẹ tí ìyá ti ń gbé ààrò ẹja sẹ́yìn nígbàkígbà tí òkun bá tún wó ilé kan, òun ni ojúlówó rẹ̀. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947 ló ń wọ omi lọ yẹn. Kí ni wọ́n tún ń pè ní ọ̀rọ̀ ìlú? Fi í sílẹ̀ ní èdè Ìlàjẹ bó ṣe wà, má sọ ọ́ di Yorùbá ìwé.

Bá mi kí Màmá. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ orin tí wọ́n fi ń hun ẹní fún ọ, kí o gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kí o sì fi ránṣẹ́ sí mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ