Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: títún ọ̀rọ̀ orí ìkànnì yín ṣe

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

A kí yín o. Orí WordPress, ètò tí a fi ń ṣe ìkànnì tí a sì fi ń tún un ṣe, ni ìkànnì tí a bá yín ṣe wà, nítorí náà kò yẹ kí ẹ máa dúró dè wá torí wákàtí iṣẹ́ tó yí padà tàbí iye owó ọjà tó lọ sókè. Ẹ kàn fi í sọ́kàn pé ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ojú ń rí, ó sì ní èyí tó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Èyí tó wà lábẹ́ yẹn ni àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé.

Ẹ fi /wp-admin kún ìdí àdírẹ́sì ìkànnì yín, ẹ wọlé, kí ẹ tẹ Pages, kí ẹ sì tẹ Edit lábẹ́ orúkọ ojú-ìwé tí ẹ fẹ́. Ẹ tẹ ìpínrọ̀ tó kàn yín, ẹ tún un kọ, ẹ fi Preview wò ó, kí ẹ tó wá tẹ Update (Save ni ti àwọn ẹ̀dà tuntun). Bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́, èyí àtijọ́ ni àlejò yóò ṣì máa rí.

Nọ́ńbà fóònù ló ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà jù. Ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà, ó hàn kedere lójú ìwé, síbẹ̀ ẹni tó bá fi fóònù tẹ̀ ẹ́ ń pe ti àtijọ́. Ìdí ni pé líǹkì wà lábẹ́ nọ́ńbà náà. Ẹ tẹ nọ́ńbà ọ̀hún, ẹ ṣí líǹkì rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ ohun tó tẹ̀ lé tel: níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ti WhatsApp, lẹ́yìn wa.me/ ni ẹ ó kọ kóòdù orílẹ̀-èdè, kí nọ́ńbà tẹ̀ lé e, láìsí òdo iwájú, láìsí àmì +, láìsí àlàfo. Ẹ wá fi fóònù tiyín tẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ńbà tó wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo ojú-ìwé kò sí nínú Pages rárá. Abẹ́ Appearance ni ẹ ó ti rí i.

Bí ẹ bá kọ́pì ọ̀rọ̀ láti inú Word, ó lè kó ìwọ̀n àti àwọ̀ lẹ́tà tirẹ̀ wá, kí ojú-ìwé wá rí jákujàku. Ctrl+Shift+V ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ má sì fi lẹ́tà dúdú kìrìkìrì ṣe àkọlé: Heading ni kí ẹ lò, H2 (àkọlé ìpele kejì), torí àkọlé ojú-ìwé fúnra rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ H1 (ìpele kìíní). Ẹ̀rọ tó ń ka ìwé fún afọ́jú kò mọ lẹ́tà dúdú ní àkọlé.

Àwòrán tí fóònù yà lè fẹ̀ tó píksẹ́lì 4000, kí ó sì wúwo ju MB 3 lọ. Ẹ dín in kù sí nǹkan bí 1600 kí ẹ tó gbé e sókè. Bó bá wà lábẹ́ KB 200, ó dára gan-an. Replace ni kí ẹ tẹ̀ láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì yẹ Alternative text (ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe àwòrán fún ẹni tí kò lè rí i) wò, kó má lọ jẹ́ pé àwòrán tuntun ni ẹ gbé síbẹ̀ tí àpèjúwe àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ lè yí àkọlé ojú-ìwé padà bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá yí i, líǹkì tí àwọn èèyàn ti fi pamọ́ àti èyí tí Google mọ̀ lè já sí 404, ìyẹn àṣìṣe tó ń sọ pé ojú-ìwé náà kò sí. WordPress máa ń darí àdírẹ́sì àtijọ́ ti Posts (àwọn àkọsílẹ̀ bíi ìròyìn) fúnra rẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún Pages. Bó bá di dandan, ẹ sọ fún wa ká kọ́kọ́ ṣe ìdarí 301, èyí tó ń gbé ẹni tó bá lo àdírẹ́sì àtijọ́ lọ sí tuntun.

Ẹ ti tẹ Update, ẹ ò rí àyípadà? Ẹ tẹ Ctrl+F5, tàbí kí ẹ ṣí i ní fèrèsé ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀dà tí bùráúsà tọ́jú ni ẹ sábà máa ń rí.

Bí ọwọ́ bá sì ṣèèṣì pa ọ̀rọ̀ rẹ́, Revisions, ibi tí WordPress ń tọ́jú àwọn ẹ̀dà àtijọ́ ojú-ìwé sí, máa ń dá ọ̀rọ̀ padà. Kì í dá fáìlì àwòrán tí ẹ pa rẹ́ nínú Media padà o; ẹ tọ́jú ẹ̀dà tiyín sórí kọ̀ǹpútà.